Lẹ́tà ìlú lórí ewéko àbáláyé tí a gbìn síwájú ilé ní Minnesota

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìlú pé iwájú ilé mi ti di igbó, wọ́n sì dá ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ ti gé e. Ewéko àbáláyé ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà níbí, tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ni gbogbo rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì gé e, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ inú lẹ́tà náà kọjá láìfèsì. Láti ọdún 2023, òfin ìpínlẹ̀ yín ti pàṣẹ fún àwọn ìlú pé kí wọ́n gba onílé láàyè láti ní ọgbà ewéko àdánidá, ìbáà ga ju ínṣì 8 lọ, ìbáà sì ti so irúgbìn, níwọ̀n ìgbà tí onílé bá mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó kàn pa koríko àgbàlá tì títí ó fi di igbó kò rí ààbò nínú òfin yìí. Nítorí náà, ẹ kó ẹ̀rí jọ pé ẹ gbìn ín ni: orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan, àwòrán, rìsíìtì irúgbìn. Ẹ sì bi wọ́n pé ewéko wo gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Èpò eléèwọ̀ nìkan ni kò ní àwáwí. Canada thistle àti purple loosestrife wà nínú àtòkọ ìpínlẹ̀ náà. Òdòdó èkejì yìí lẹ́wà, àwọn ènìyàn sì ti máa ń gbìn ín sọ́gbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé àbàtà, ó máa ń lé ewéko yòókù kúrò. Ẹ fà á tu kí òṣìṣẹ́ ìlú tó dé. Ewéko tí wọ́n ń pè ní milkweed kò sí lára èpò eléèwọ̀ wọ̀nyí, ewé rẹ̀ nìkan sì ni ìdin labalábá monarch ń jẹ.

Ìdáhùn mìíràn: Lójú tèmi, ẹjọ́ aládùúgbò ló ń gbé òṣìṣẹ́ wá. Ẹ gé etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ó mọ́ tónítóní, ẹ fi àwọn tó kúrú síwájú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun dí awakọ̀ lójú ní ìkóríta.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Àbúrò mi ń gbé ní ẹ́sítéètì tí ó ní ẹgbẹ́ onílé tí ń ṣòfin fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ṣé òfin yìí kàn wọ́n?

Ìdáhùn: Rárá, ìlú ni òfin Minnesota yìí dè. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, Maryland, òfin ti ń dí ẹgbẹ́ onílé lọ́wọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọn kò sì lè fi dandan lé e pé koríko ni kí gbogbo àgbàlá jẹ́. Ní ti àbúrò yín, kí ó ka ìwé àdéhùn ẹ́sítéètì náà dáadáa, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda wọn ní kíkọ sílẹ̀ kí ó tó hú ilẹ̀.