Kí la ó pe "hike": ìrìn afẹ́ ni àbí àfẹsẹ̀rìn?

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn dábàá pé ká máa pe "hike", ìyẹn kéèyàn fẹsẹ̀ rìn jìnnà ní ìgbèríko tàbí lórí òkè, ní "ìrìn afẹ́", nítorí pé ìrìn-àjò afẹ́ ti wà nílẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn, ẹsẹ̀ mi ló sì kọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́fà láti Glasgow fẹsẹ̀ rin West Highland Way ní Skọ́tlándì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1980. Láti Milngavie ("Mọ́lgáì" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é) dé Fort William jẹ́ kìlómítà 154. Ọjọ́ méje la lò. Nígbà tá a kọjá Inversnaid, létí adágún Lomond, ó kúrò ní ìrìn lásán: gbòǹgbò igi là ń dì mú, orí àpáta là ń rá gùn, ẹrù wà lẹ́yìn wa. Ní Rannoch Moor, òjò nà wá, kò sí igi tá a lè sá sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tá a dé Kingshouse, gìgísẹ̀ ẹnì kan nínú wa ti bó. A pín ẹrù rẹ̀ gbé, ó sì gun Devil's Staircase lọ́jọ́ kejì, ibi tó ga jù lọ lójú ọ̀nà náà, mítà 548. Níbi tí ọ̀nà parí sí ní Fort William, ère ọkùnrin kan jókòó, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Èwo ni afẹ́ níbẹ̀?

"Àfẹsẹ̀rìn" ni mo fara mọ́, bí a ṣe ṣẹ̀dá "àfọwọ́ṣe". Àwọn kan á ní "ìrìn-àjò" ti tó. Ó tó láyé àwọn tó ru ẹrù fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Lónìí, ẹni tó wọ bàálù lọ sí London náà rin ìrìn-àjò.

Ti ẹni tó rin irú ọ̀nà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ibì kankan ńkọ́? Mo ní "àrìnjá", bí a ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò ṣeé sọ ní àsọtán. Ẹnì kan ti bi mí pé ṣé kò ní mú "ìjákulẹ̀" wá sọ́kàn. Lójú tèmi, "já" ti okùn ni ìyẹn. Tiwa ni "já" tí a ń gbọ́ nígbà tí èèyàn bá bi wá pé: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọ̀nà yìí já sí?"