Ẹ gbà mí o: ṣé lysine lè rọ́pò methionine nínú oúnjẹ adìyẹ?

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Adìyẹ ẹlẹ́yin 300 ni mo ń sìn, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 38. Èmi fúnra mi ni mò ń po oúnjẹ wọn. Nínú 100 kílò, àgbàdo jẹ́ 60, soya cake 25, ìyókù jẹ́ èérí àlìkámà díẹ̀, limestone, egungun, iyọ̀ àti premix (àpòpọ̀ fítámì àti èròjà mìíràn). Methionine wá wọ́n gan-an níbi tí mo ti ń rà á. Ọkùnrin tó ń tà á ní amino acid (ẹyọ èròjà tí ara fi ń to amúaradàgbà) ṣáà ni methionine àti lysine, kí n fi lysine dí àyè rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹyin ti ń kéré sí i, wọ́n tún wá ń ṣá ara wọn nídìí, wọ́n ń tu ìyẹ́, wọ́n sì ń gbé e mì! Kí ni kí n ṣe?

Kòfẹsọ̀:
Èmi àti ẹ̀yin náà, èèyàn ṣáà ni wá. Ṣé tí ẹ ò bá sí nílé, kí n wá bá yín fún ọmọ lọ́mú?

Ọ̀gá Onífíìdì:
Kòfẹsọ̀, o ò níí pa wá. Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀: pupa méjì, funfun kan, pupa méjì, funfun kan. Tí funfun bá tán, pupa ì báà kún agbọ̀n, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí ara adìyẹ ṣe ń to èròjà amúaradàgbà náà nìyẹn. Kò lè dá lysine ṣe, kò sì lè dá methionine ṣe, inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ rí méjèèjì. Èyí tó bá pọ̀ jù, kò ní ibi tó máa kó o pamọ́ sí. Ṣe ló máa tú u ká, á jó apá kan bí igi ìdáná, nitrogen inú rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde. Ohun funfun tí ẹ ń rí lórí ìgbẹ́ adìyẹ nìyẹn. Owó lysine yín wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 100 kílò àgbàdo ní nǹkan bí 260 gíráàmù lysine àti 180 gíráàmù methionine. Iye soya cake kan náà ní nǹkan bí 2,700 lysine, ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ ò ju nǹkan bí 620 lọ. Nínú oúnjẹ tí ẹ pò, àgbàdo àti soya nìkan máa fún yín ní lysine bí 830, methionine bí 263. Ìlànà NRC, àjọ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 1994, ń béèrè nǹkan bí 690 lysine àti 300 methionine. Èyí tí ẹ ní ní àníṣẹ́kù lẹ tún ń rà kún un.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Iṣẹ́ wọn gan-an ò jọra. Imí-ọjọ́ wà nínú methionine, kò sí nínú lysine. Ara methionine ni adìyẹ ti ń ṣe cysteine, cysteine yìí ló sì pọ̀ nínú ìyẹ́. Ẹ̀dọ̀ tún máa ń sọ methionine di ohun tí wọ́n ń pè ní SAM, tó ń pín èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ methyl kiri fún iṣẹ́ púpọ̀ nínú ara. Tó bá pín tirẹ̀ tán, ó di homocysteine. Folate àti vitamin B12 lè bá a padà di methionine, tàbí kó gba ọ̀nà cysteine lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di cysteine ò padà sílé mọ́ o.

Ẹran ara ni lysine ń bá kọ́ jù, òun ló tún ń so okùn collagen pọ̀ nínú egungun. Ibì kan wà tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́: carnitine, tó ń gbé ọ̀rá lọ síbi tí wọ́n ti máa jó o. Lysine ni ara rẹ̀, methionine ló bùn ún ní methyl mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ dákun, ṣé bó ṣe rí fún ọmọ èèyàn náà nìyẹn? Ògì nìkan làwọn tèmi ń fẹ́.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lysine inú ògì ò tó, methionine ló sì kéré nínú ẹ̀wà. Ẹ fún wọn ní mọ́ínmọ́ín mọ́ ẹ̀kọ wọn.

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ọ̀gá, mo jẹ̀bi. Mi ò sọ gbogbo rẹ̀. Láti oṣù méjì ni mo ti dín soya kù sí 10, GNC (ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò) ni mo fi dí 15 tó kù, torí owó.

Ọ̀gá Onífíìdì:
Háà, màmá! Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ nìyẹn. Lysine ẹ̀pà ò tó ti soya rárá. Pẹ̀lú ìyẹn, lysine yín ò ní pé 690 mọ́, methionine á sì wálẹ̀ sí bí 245. Nítorí náà, lysine tí ẹ rà ò ṣòfò tán, àmọ́ ihò kejì ṣì là sílẹ̀. Ẹ fi 100 gíráàmù methionine àti 50 lysine sínú 100 kílò. Ẹ má bù ú lé e jù, methionine àpọ̀jù máa ń dín jíjẹun wọn kù. Ẹ yẹ GNC yẹn wò dáadáa, bó bá ti hu funfun, ẹ dà á nù.

Bàbá Akérédolú Oko:
Ẹ wo àyè tí wọ́n ń gbé náà, àti iná tí ẹ ń tàn fún wọn. Tó bá há, tíná bá mọ́lẹ̀ jù, wọ́n á máa ṣá ara wọn bí methionine tiẹ̀ kún inú.

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra methionine kílò kan dé. Ọkùnrin yẹn ní ṣebí òun sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n, kó tà á fún mi ní iye lysine. Kò dáhùn.