Báàgì ìrọbí: kí ni kí n kó, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Àkọ́bí Òṣogbo
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti àǹtí wa. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo forúkọ sílẹ̀ sí, wọ́n sì ti fún mi ní ìwé ohun tí mo máa rà. Ó gùn gan-an. Abẹ́rẹ́ oxytocin wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n rà á kalẹ̀? Páàdì mélòó ló máa tó? Ọkọ mi nìkan ló máa tẹ̀lé mi lọ, kò sì mọ ìlédìí yàtọ̀ sí aṣọ ìnura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ yẹn kalẹ̀ rárá. Inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2°C sí 8°C. Bó bá wà nínú báàgì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ooru wa yìí, agbára rẹ̀ á ti dínkù, ojú kò sì lè rí i, nítorí omi rẹ̀ á ṣì mọ́ kedere. Òun ni wọ́n ń gún fún ìyá ní kété tí ọmọ bá bọ́, kí ilé ọmọ lè fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà jù. Owó rẹ̀ ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, kí bàálé yín rà á níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn nínú ọgbà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìyá Tinú
Báàgì méjì ni kí ẹ dì. Èyí tó kéré ni ti yàrá ìrọbí: mátì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá, ìbọ̀wọ́, òwú, kílíìpù ìwọ́, ògbólógbòó ìró méjì, páàdì ńlá, pátá dúdú tó fẹ̀ díẹ̀, àti aṣọ àkọ́wọ̀ ọmọ. Èyí tó kù, inú báàgì ńlá.

Páàdì: ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Páálí onímẹ́wàá méjì á gbé yín dé ọjọ́ kẹta. Bí ẹyọ kan bá rin gbingbin láàárín wákàtí kan, ẹ pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Aṣọ ọmọ: ẹ fọ gbogbo rẹ̀, títí kan tuntun, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ẹ wá kó síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù, ṣòkòtò, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kan sínú láílọ́ọ̀nù funfun kan tí a lè rí inú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ti tó. Bí nọ́ọ̀sì bá ní "aṣọ ọmọ dà?", láílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni bàálé yín máa nà sí i, kò ní tú báàgì. Ẹ fi sípíríìtì fún ìwọ́ kún un.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ìyá Tinú, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ yọ sípíríìtì kúrò. Ó máa ń jẹ́ kí ìwọ́ pẹ́ kó tó já. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1%, oògùn apakòkòrò, ni kí wọ́n rà, kí wọ́n máa fi pa ìwọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ oògùn ojú o! Ọ̀pá wọn jọra, bó bá sì kan ojú ọmọ, ó lè fọ́ ọ lójú.

Ẹ fi fídà àti mílíìkì inú agolo sílé. Omi ọyàn tó kọ́kọ́ jáde, èyí tó pọ́n díẹ̀ yẹn, ni oúnjẹ ọmọ.

Bàbá Ìbejì
Káàdì aboyún, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò inú ikùn, ọwọ́ ni kí ẹ mú wọn sí, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Owó tó ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí. Tọ́ọ̀ṣì, fúláàsì omi gbígbóná, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ife. Ike olómọrí fún ibi ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sin nílé. Kí ẹ sì ti mọ ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Àkọ́bí Òṣogbo
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìgbà wo ni kí n dì í tán?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Kí ọ̀sẹ̀ 36 tó pé. Bí omi bá dà kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín, ẹ má dúró dè é, ẹ wọkọ̀. Bí àwọ̀ omi náà bá dà bí ewé, ẹ sọ fún wọn látẹnu ọ̀nà.