Àmì ohùn àti ìtẹ̀wé nínú àròkọ ìdíje

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Mo fẹ́ kópa nínú ìdíje àròkọ Yorùbá kan tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 1,000 lọ, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò mẹ́nu ba àmì ohùn rárá. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ni kí n fi àmì sí, àbí kìkì èyí tó lè rú òǹkàwé lójú? Ìwé àtijọ́ kan tí mo fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀ sì ń kọ "aiye" àti "nwọn". Ṣé mo lè tún un kọ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí?

Èsì kìíní

Ẹ má ṣe ṣa ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi àmì sí, nítorí pé ohun tó yé ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ lè má yé ẹni tó ń kà á. Bí ènìyàn méjì bá ń tàkùrọ̀sọ nínú àròkọ yín, tí ẹ kò sì fi àmì sí i, báwo ni adájọ́ yóò ṣe mọ̀ bóyá "o lọ" ni tàbí "ó lọ"? Ohùn àárín nìkan ni a kì í fi àmì sí, ẹ má sì gbàgbé pé "n" tó dá dúró náà ń gba àmì, bí ó ti wà nínú "ń bọ̀" àti "ǹjẹ́".

Ní ti àkọtọ́, èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974 ni kí ẹ tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ọ̀rọ̀ tiyín: "ayé", "wọ́n", "dáadáa". Ọ̀rọ̀ tí ẹ fà yọ ní tirẹ̀, ẹ fi àmì àyọlò sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́. Àfojúdi sí òǹkọ̀wé ni mo ka títún un kọ sí.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n àmì tí a fi sí i dáadáa tún lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, "ẹ" àti "ọ" jẹ́ ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo, àmọ́ "ẹ́" àti "ọ̀" kò rí bẹ́ẹ̀: àmì ohùn wọn dá dúró, fọ́ǹtì ni yóò gbé e lé lẹ́tà lórí, èyí tí kò bá sì mọ iṣẹ́ náà yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Àwọn fọ́ǹtì bíi Charis SIL àti Noto Serif kì í já ni kulẹ̀. Ẹ sọ iṣẹ́ yín di PDF, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn wò. Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí: àwọn kan a máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹnu mọ́, ìlà náà a sì bo àmì abẹ́ "ẹ", "ọ" àti "ṣ" mọ́lẹ̀. Ó sàn kí ẹ mú kí lẹ́tà náà nípọn.

Èsì kẹta

Ẹ fiyè sí iye ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àlàfo ni kọ̀ǹpútà fi ń ka ọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń so "nígbà tí" àti "nítorí pé" pọ̀ kí iṣẹ́ wọn má baà ju 1,000 lọ. Àkọtọ́ 1974 yà wọ́n sọ́tọ̀, adájọ́ tó bá mọ̀ ọ́n yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ kúkú gé ìfáárà yín kúrú.