Mo ti sá Boston Marathon, eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti ìlú Boston, tán o: àbọ̀ lórí òkè Newton

Ẹ kú àdúrótì mi. Ẹ rántí pé mo béèrè bí màá ṣe gun òkè mẹ́rin tó wà ní Newton, ìlú kan lójú ọ̀nà eré náà, pẹ̀lú itan tó ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ìsọ̀kalẹ̀ láti Hopkinton, ibi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, gan-an ló ń pa itan, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Mo rọra sáré níbẹ̀, bí gbogbo èèyàn tilẹ̀ ń kọjá lára mi.

Ní Heartbreak Hill, èyí tó kẹ́yìn nínú òkè mẹ́rin náà, ní nǹkan bíi kìlómítà 33, mo tẹjú mọ́ gìgísẹ̀ ẹni iwájú mi, iyọ̀ òógùn ti gbẹ mọ́ ìpéǹpéjú mi. Ìyá kan na ọsàn gígé sí mi. Mi ò rìn rárá! Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 11. Ẹ ṣeun gan-an, ìbéèrè mi ti yanjú.