Fáìlì kan ṣoṣo fún Mac Intel àti M1, ṣé ó ṣeé ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Tanke níbí ni mo wà, mo fi Go (èdè kan tí a fi ń kọ software) kọ software kékeré kan fún àwọn onísọ́ọ̀bù láti máa fi kọ ọjà àti gbèsè sílẹ̀. Mac M1 lèmi ń lò, CPU tí Apple fúnra wọn ṣe ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ti Intel. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Ọ̀fà rà á lọ́wọ́ mi, MacBook 2015 tòkunbọ̀ lọmọ wọn rà fún wọn, bí mo ṣe fi fáìlì ránṣẹ́ ni wọ́n pè pé kò ṣí, "Bad CPU type in executable" ló ń kọ. CPU Intel ló wà nínú tiwọn. Mo compile ti Intel lọ́tọ̀ (ìyẹn ni pé mo sọ kóòdù di fáìlì tó lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀), ó ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á báyìí ni mo ní láti bi pé irú Mac wo lẹ ní, ẹnìkan sọ fún mi lánàá pé "èyí tó rí fàdákà-fàdákà yẹn" 😩 Ṣé kò sí bí mo ṣe lè kó gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì kan, pẹ̀lú Windows?

Áàfà Kóòdù: Ti Mac rọrùn. Láti 2005 tí Apple ti fẹ́ kúrò lórí CPU PowerPC bọ́ sórí Intel ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n tún gbé e dé ní 2020 tí M1 jáde, universal binary lorúkọ ẹ̀. Compile ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, GOARCH=amd64 (ti Intel) àti GOARCH=arm64 (ti M1), kó o wá ṣe:

lipo -create -output gbese gbese-amd64 gbese-arm64

Kò pò wọ́n pọ̀ o, bí ẹni gbé àmàlà àti tùwó sínú kúlà kan ni, Mac fúnra ẹ̀ ló máa mú èyí tó bá a lára mu. Kúlà á ṣá wúwo sí i.

Ọmọ Gánmọ̀: Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣe ti Intel nìkan, Rosetta, ohun tí Apple ṣe kí app Intel lè ṣiṣẹ́ lórí M1, á bá ẹ gbé e jàre

Áàfà Kóòdù: @Ọmọ Gánmọ̀ Ẹni tí ò bá tíì ní Rosetta á kọ́kọ́ fi dátà wà á sílẹ̀. Àti pé Apple ti kéde ní 2025 pé macOS 27 ló máa gbé e dé kẹ́yìn fún gbogbo app, àwọn géèmù àtijọ́ kan ló kù tó máa ṣiṣẹ́ fún. O fẹ́ kí kọ́sítọ́mà máa pè é nígbà yẹn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́ database wo lẹ lò? Tó bá jẹ́ SQLite tó ń lo cgo (ohun tó ń jẹ́ kí Go lè lo kóòdù tí wọ́n fi èdè C kọ), Go máa ń pa cgo fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń compile fún CPU míì, ẹ fi CGO_ENABLED=1 síwájú. Ó compile fún mi láìjà láìta, àfìgbà tí mo ṣí i tí database ò dáhùn, mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe àsùbá. Ẹ dẹ̀ jẹ́ kí codesign, àṣẹ tí a fi ń sign app, kẹ́yìn lipo, M1 ò ní gba kóòdù tí wọn ò sign. Kẹ́ ẹ sì zip ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Alátùn-únṣe Ọjà Ọba: Windows ò lè bá wọn wọ kúlà yẹn, .exe tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ṣe é ní GOARCH=386, á ṣiṣẹ́ lórí 32-bit, lórí 64-bit, àní Windows tó wà lórí CPU ARM náà á gbé e. Ṣùgbọ́n Go 1.20 ló gba Windows 7 kẹ́yìn, tó o bá lo tuntun kò ní ṣí, bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi níbí Windows 7 ṣì pọ̀ bí nǹkan míì.

Oníbèéèrè: Ọlọ́run á bùkún yín o. cgo yẹn gan-an ló ń bọ̀ wá mú mi, Ìyá Ìbejì ẹ ṣeun mà. Mo ti ṣe é, lipo -info kọ x86_64 (orúkọ míì fún amd64) àti arm64, ó kúrò ní 9MB ó di 18MB, mo sì ti sign ẹ̀. Mi ò fẹ́ fi màmá Ọ̀fà dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, ta ló ní Mac Intel ní Tanke tàbí Fate tí mo lè yà lọ́dọ̀ ẹ̀?

Ọmọ Gánmọ̀: Tèmi ni Intel, ìdí tí mo fi ń gbèjà ẹ̀ nìyẹn 😂 Máa bọ̀ ní Sátidé, gbé ṣájà dání o, tèmi ti kú.