Gbígba wáyà sólà wọlé láti ara ògiri ìta: ẹ ro ti omi kí ẹ tó gbé dríìlì

Oníṣẹ́ sólà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gba wáyà láti orí òrùlé wọlé, kì í ṣe ihò lílu ló máa dà á láàmú. Omi ni. Bí ihò bá rẹlẹ̀ sí apá inú ilé, òjò á máa tẹ̀ lé ara wáyà títí yóò fi dé ìnfátà. Inú ilé ni kí ẹ ti lu ú lọ síta, kí ẹnu ìta sì rẹlẹ̀ ju ti inú lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì 9, tí ẹ bá ka plásítà tinú tìta mọ́ ọn, máa ń tó mìlímítà 260. Kí ẹnu ìta fi mìlímítà 20 sí 25 rẹlẹ̀. Bíìtì (irin tí dríìlì fi ń lu ihò) tó kúrú kò lè dé òdìkejì. Èyí tó gùn tó mìlímítà 400 ni kí ẹ fi sẹ́nu dríìlì SDS, irú tó ń gbá bó ṣe ń yí.

Ẹ kọ́kọ́ fi bíìtì mìlímítà 8 la ọ̀nà. Tó bá ku bí ínṣì kan kó yọ síta, ẹ yí dríìlì sí yíyí nìkan, kó má gbá mọ́, ẹ má sì tì í. Bí ẹ bá tì í, plásítà ìta á já lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíìtì mìlímítà 22 fẹ̀ ẹ́ fún páìpù mìlímítà 20 tí wáyà máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Oníṣẹ́ iná, Abẹ́òkúta

Kí bíìtì tó kan ògiri, ẹ pa birẹ́kà NEPA, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ pa ìnfátà pẹ̀lú. Ìnfátà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ má lu ọ̀gangan òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súìṣì, torí pé ibẹ̀ ni wáyà ń gbà nínú ògiri. Ẹ yàgò fún igun ilé àti orí fèrèsé: òpó àti líńtẹ́ẹ̀lì (kọnkéré onírin) ló wà níbẹ̀. Tí bíìtì bá ń dún gan-an tí kò sì wọlé mọ́, irin ló kàn. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má jà á.

Wáyà pánẹ́ẹ̀lì kì í kú lójú oòrùn. Pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì mẹ́ta tí ẹ so tẹ̀ léra wọn máa ń tó fóólìtì 150, birẹ́kà ilé kankan kò sì lè pa á. Nítorí náà, ìdí ìnfátà ni kí ẹ kọ́kọ́ parí. MC4 (orí tí wọ́n fi ń so wáyà pánẹ́ẹ̀lì pọ̀) tó wà lẹ́bàá pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ so kẹ́yìn. Ẹ má fa MC4 yọ nígbà tí iná ń gbà á kọjá, torí pé iná á fò jáde níbẹ̀, ó sì lè jó èèyàn.

Oníṣẹ́ sólà, Ìbàdàn

Òótọ́ ni. Ẹ tún fi èyí kún un: ẹ fa wáyà kọjá kí ẹ tó fi orí MC4 sí i. Wáyà sólà 6 mm² kò nípọn ju mìlímítà 7 lọ, àmọ́ orí MC4 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ẹ fi téèpù wé ẹnu wáyà náà kí eruku má wọ̀ ọ́. Wáyà pánẹ́ẹ̀lì pupa àti dúdú pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ (earth) lè jọ gba páìpù kan; tí ẹ bá ní wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní páìpù tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì jẹ́ irú dúdú tó wà fún ìta, torí oòrùn máa ń mú kí ara wáyà aláwọ̀ eérú tó wà fún inú ilé là.

Bíríkìlà, Òṣogbo

Inú búlọ́ọ̀kù ṣófo. Páìpù gbọ́dọ̀ la ògiri já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, omi á ṣàn sínú ihò búlọ́ọ̀kù, ọ̀dà á máa bó nísàlẹ̀ ògiri, òrùlé ni wọ́n á sì máa bá wí. Sìmẹ́ńtì ni kí ẹ fi dí àyíká páìpù. Ẹ má da sìmẹ́ńtì sórí wáyà fúnra rẹ̀, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ óò fọ́ ògiri ni. Sílíkọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi dí ẹnu páìpù níta. Oòrùn máa ń jẹ fóòmù. Ẹ dí ẹnu ti inú náà, kí eèrà àti ọmọńlé má fi ṣe ojú ọ̀nà.

Níta, kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ihò ní bí ínṣì 4, kó tó yí gòkè wọ inú rẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù yẹn ni omi ti máa kán sílẹ̀.

Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jẹ́ alámọ̀, yíyí nìkan ni, kò sí gbígbá rárá. Sìmẹ́ńtì kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ amọ̀. Amọ̀ ni kí ẹ fi dí àyíká páìpù. Ní ti ilé búlọ́ọ̀kù, tí sìmẹ́ńtì àti sílíkọ́ọ̀nù bá gbẹ tán, ẹ da omi láti òkè ihò náà níta fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnìkan dúró nínú ilé máa wò ó.